Ibi Tí Àwọn Nọ́ọ̀sì Ti Ń Sunkún

"Dúró ná," ni Ìyá Wọ́ọ̀dù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, wí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ọwọ́ nọ́ọ̀sì kékeré kan, tòun ti abẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Kò pariwo. Ìyá ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rò pé wọ́n kàn ń kí ara wọn ni, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí àwọn méjèèjì. Ọmọ náà, ọmọ oṣù mẹ́jọ tí àìsàn ti mú kí ojú rẹ̀ rọ bí ewé tí oòrùn pa, ń fi ẹsẹ̀ ta aṣọ ìbora. Ìyá Wọ́ọ̀dù gba abẹ́rẹ́ náà, ó gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà, ó ka ìlà ara rẹ̀, ó sì tún ka ìwé oògùn tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ìdajì mílì ni dókítà kọ síbẹ̀. Mílì márùn-ún ló wà nínú abẹ́rẹ́. Àmì kékeré kan láàárín òdo àti márùn-ún, tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, ni nọ́ọ̀sì náà fò nígbà tó ń ka ìwé, ìlọ́po mẹ́wàá oògùn tó lè dá ọkàn ọmọdé dúró ló sì fẹ́ fà sí i lára.

"Ẹ má bínú, ìyá ọmọ. A fẹ́ lọ tún un pò dáadáa, a ń bọ̀."

Nígbà tí wọ́n dé yàrá oògùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé abẹ́rẹ́ àti ìwé kalẹ̀ lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì kékeré wò ó. Ó wo ìwé, ó wo abẹ́rẹ́, ó tún wo ìwé.

"Mo fẹ́ẹ̀ pa ọmọ yẹn," ló sọ, bí ẹni tí wọ́n bi pé aago mélòó ló lù.

Ohun tó já Ìyá Wọ́ọ̀dù láyà nìyẹn. Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ti rí àwọn tó ṣi oògùn fún aláìsàn, tí Ọlọ́run sì yọ wọ́n. Wọ́n máa ń gbọ̀n ni, wọ́n á kúnlẹ̀, òmíràn á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yàrá. Èyí kò gbọ̀n. Ojú rẹ̀ dà bí fèrèsé ilé tí àwọn onílé ti rìnrìn àjò. Bẹ́ẹ̀ òun yìí ni wọ́n ń pè ní Olóhùn-iyọ̀, ẹni tó máa ń kọrin fún àwọn ọmọ kó tó gún wọn lábẹ́rẹ́, tí orin náà á sì dùn débi pé àwọn kan á na apá fún un kó tó kọ ọ́ tán. Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Wọ́ọ̀dù ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ò gbọ́ orin kankan ní wọ́ọ̀dù láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́bọ̀ sì ni wọ́n wà yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Tíṣà kú.

Tíṣà kì í ṣe tíṣà. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, kíndìnrín rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ méje ní bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Láràárọ̀, bí aago méje bá ti lù, á jókòó sórí ìrọ̀rí méjì, á mú ìwé àti pẹ́ńsù, á sì máa pe orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wà á dáhùn pé òun wà. Ẹni tó bá pẹ́ dé gbọ́dọ̀ dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì kó ṣàlàyé ohun tó fà á. Dókítà Àgbà pàápàá, tó ni ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn ọmọdé látòkè délẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ti dúró síbẹ̀ rí tó ń rojọ́ táyà tó jò. Tíṣà ní òun foríjì í, ṣùgbọ́n kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò lè jókòó. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ àbọ̀, ọkàn rẹ̀ dúró. Olóhùn-iyọ̀ ló wà nídìí rẹ̀, òun ló sì ń tẹ àyà ọmọ náà, tí àwọn dókítà ń fún un ní èyí, tí wọ́n ń fún un ní tọ̀hún, fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Ìyá Wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ kan èjìká nọ́ọ̀sì náà níkẹyìn pé ó tó. Wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n fà á lé àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fi oògùn nu bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tẹ́ aṣọ tuntun, nítorí pé ọmọ mìíràn ti wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró de àyè. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ọmọ yẹn ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ìyá Wọ́ọ̀dù wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa bá iṣẹ́ lọ." Wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ Tíṣà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ òun náà. Ìyá àgbàlagbà tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní nọ́ọ̀sì kì í sunkún níbi iṣẹ́, pé ẹkún nọ́ọ̀sì ló ń jẹ́ kí ìyá aláìsàn sọ̀rètí nù. Ó di ọ̀rọ̀ náà mú, ó sì ń fi í kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ó pò oògùn tuntun, ó lọ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó sì ní kí Olóhùn-iyọ̀ lọ máa to àwọn ìwé, kó má fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó ti tẹlifóònù tó wà lórí tábìlì. Òun nìkan ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá gbé e mì, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin ilé ìwòsàn ni pé gbogbo àṣìṣe, títí kan èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, gbọ́dọ̀ wọnú ìwé. Ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ẹni tó fò àmì kan lónìí lè fò òmíràn lọ́la, bóyá òun ò sì ní sí nítòsí. Ó pe Mẹ́tírọ́ọ̀nù, ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì.

Mẹ́tírọ́ọ̀nù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọdún méjì ló fi ṣíwájú Ìyá Wọ́ọ̀dù nílé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ti jọ jẹun nínú abọ́ kan náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí Ìyá Wọ́ọ̀dù kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, kí orúkọ nọ́ọ̀sì náà hàn gbangba, kí fọ́ọ̀mù sì dé orí tábìlì òun kí aago méjìlá ọ̀la tó lù. Ó ní wọ́n á ní kí nọ́ọ̀sì náà lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbìmọ̀ á pè é, bóyá á sì padà, bóyá kò ní padà. Ó ní ilé ìwòsàn ò lè máa fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ dánra wò.

Ìyá Wọ́ọ̀dù gbé tẹlifóònù kalẹ̀, ó sì dìde láti wá Olóhùn-iyọ̀. Kò sí nídìí ìwé tó ní kó máa tò. Kò sí ní yàrá oúnjẹ. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí, Ìyá Onímọ́ọ̀pù ló bá níbẹ̀, obìnrin tó ń tọ́jú ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, tó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún, tó ń fún omi kúrò lára mọ́ọ̀pù.

"Ṣé Olóhùn-iyọ̀ lẹ ń wá?" obìnrin náà béèrè. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Àsìkò tirẹ̀ ti kọjá."

"Àsìkò kí ni, mà?"

"Àsìkò ẹkún."

Ìyá Onímọ́ọ̀pù sọ ọ́ bí ẹni ń sọ àsìkò oúnjẹ. Ó ní aago mẹ́wàá àbọ̀ ni ti Olóhùn-iyọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ga yẹn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni tiẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ onígíláàsì ò ní àsìkò, ìgbà tó bá bọ́ sí i ni. Oníkálukú wọn á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà kí ará ìta má baà gbọ́. Kálukú wọn ló rò pé òun nìkan lòun mọ ibẹ̀. Wọn ò rántí pé ẹni tó ń nulẹ̀ ń bẹ láyé.

"Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní, "Olóhùn-iyọ̀ kì í sunkún mọ́. Á kàn wọlé, á jókòó sórí aṣọ, á máa wo ògiri. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Obìnrin náà fi mọ́ọ̀pù ti ògiri. "Ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní nọ́ọ̀sì kì í sunkún níbi iṣẹ́? Mo ń nu ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́. Mo ní n ò gbọdọ̀ kó àwọn ọmọ sí wàhálà. Àwọn àgbà sì ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹni tó bá gbé ẹkún mì lojú rẹ̀ ń ṣú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Wọ́ọ̀dù lára ju bí obìnrin náà ṣe lè mọ̀ lọ. Ó rántí àmì kékeré tó wà lórí ìwé oògùn. Ó mú ọwọ́ ilẹ̀kùn láti jáde, ó sì tún yíjú padà. Ó bi obìnrin náà pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà?"

"Èmi báwo?"

"Tíṣà."

Ìyá Onímọ́ọ̀pù fi ìró rẹ̀ nu ọwọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun léèrè rí. Ó ní nígbàkígbà tí òun bá dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ yẹn, ọmọ náà á kó bàtà ara rẹ̀ sókè kí ibẹ̀ lè mọ́ dáadáa, òun ló sì máa ń pè kẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀, tí òun á dáhùn pé, "Mo wà ńbí, Tíṣà."

"Lọ́jọ́rú, mo ń nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo kàn ń gbọ́ ohùn ara mi ni. Mo dáhùn, mà. Kò sẹ́ni tó pè mí."

Ó gbé mọ́ọ̀pù rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Wọ́ọ̀dù délé, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní pálọ̀. Ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì ti sọ aṣọ funfun lílọ̀ di iṣẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé láyé òun, òun ò tíì rí awakọ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí kọ́là dáadáa bí òun. Ó bi í pé báwo ni iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní dáadáa ni.

Ọkùnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Bẹ́ẹ̀ lo ṣe sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní, "ojú rẹ sì dà bí ilé tó jóná. Mo ti ń gbọ́ 'dáadáa ni' yẹn láti ọdún tí mo ti fẹ́ ọ, ìyá wọn. Mi ò gbà á gbọ́ rí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò bi mí sí i?"

"Ilẹ̀kùn tí èèyàn bá tì látinú, ta ló fẹ́ ṣí i láti ìta?"

Ìyá Wọ́ọ̀dù lọ jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó mú fọ́ọ̀mù jáde, ó sì kọ orúkọ Olóhùn-iyọ̀ sí i bí Mẹ́tírọ́ọ̀nù ṣe wí. Ibì kan wà lórí fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n ti béèrè iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ti fi ṣiṣẹ́ léraléra. Ó mú ìwé tó fi ń pín iṣẹ́ jáde kó lè wò ó. Ó fi ìka tọ ìlà Olóhùn-iyọ̀ láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún. Ọjọ́ mẹ́tàlá. Ọjọ́ mẹ́tàlá láìsí ìsinmi kan, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ àárọ̀ tó lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì méjì ti fi wọ́ọ̀dù náà sílẹ̀ lọ́dún yẹn, kò sì tíì sẹ́ni tí wọ́n fi rọ́pò wọn, nítorí náà gbogbo ibi tó bá ṣófo ló ń fi Olóhùn-iyọ̀ dí, torí pé ọmọ náà kì í sọ pé rárá. Ẹṣin tí kì í janpata là ń di ẹrù lé. Ọwọ́ ta ló sì kọ ọ́? Ọwọ́ tirẹ̀ ni, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ búlúù, tó gún régé.

Ó fa fọ́ọ̀mù náà ya. Ó mú òmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ní aago mọ́kànlá ọjọ́ kejì, Mẹ́tírọ́ọ̀nù ka ìwé náà tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Ojú ewé méjì ni. Ohun tí Olóhùn-iyọ̀ ṣe wà níbẹ̀ láìfi bò. Ọjọ́ mẹ́tàlá wà níbẹ̀. Ikú ọmọ náà wà níbẹ̀, àti iye ìṣẹ́jú tó wà láàárín ikú náà àti abẹ́rẹ́ tí ẹni tó tẹ àyà òkú tún lọ gún fún alààyè lọ́jọ́ náà gan-an. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, ti Ìyá Wọ́ọ̀dù ló sì ṣáájú.

"Ṣé o mọ ohun tó o kọ yìí?" Mẹ́tírọ́ọ̀nù béèrè. "O fi ọwọ́ ara rẹ gbé ara rẹ síwájú ìgbìmọ̀. Ọdún mẹ́ta ló kù kó o fẹ̀yìn tì."

"Mo mọ̀, mà."

"Ọmọ yẹn ló fa oògùn, kì í ṣe ìwọ."

"Èmi ni mo pín iṣẹ́. Tí a bá lé e lọ, ẹni tó kàn ni màá tún fi dí àyè rẹ̀, á rẹ òun náà, òun náà á ṣàṣìṣe. A ò lè fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

Mẹ́tírọ́ọ̀nù yíjú sí fèrèsé. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀. "Èmi náà ti wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé rí. Ìdí tí mo fi sá wá sí ọ́fíìsì nìyẹn." Ó lu òǹtẹ̀ sí ìwé náà, ó ní ìgbìmọ̀ á jókòó, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fún Ìyá Wọ́ọ̀dù ní lẹ́tà ìkìlọ̀. Ní ti Olóhùn-iyọ̀, kó lọ sinmi fún ọjọ́ márùn-ún. Bó bá padà, kí àgbà nọ́ọ̀sì kan máa bá a yẹ oògùn wò títí ìgbìmọ̀ á fi parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun á tún wá nọ́ọ̀sì kan láti wọ́ọ̀dù mìíràn, bó tilẹ̀ ṣe pé àwọn yẹn á bínú sí òun.

Ìyá Wọ́ọ̀dù kò tíì dìde. Ó ní ohun kan ṣì kù. Ó fẹ́ ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti lẹ́yìn ikú ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù á jókòó pa pọ̀ láìsí pé wọ́n ń kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mẹ́tírọ́ọ̀nù bi í pé ta ni yóò máa wo àwọn ọmọ. Ìyá Wọ́ọ̀dù ní òun ti bá Dókítà Àgbà sọ ọ́ láàárọ̀, dókítà náà sì ní àwọn dókítà ọ̀dọ́ láti ẹ̀ka kejì lè dúró fún wọn. Ó ní Dókítà Àgbà ní òun náà á wá jókòó.

"Òun náà?" ni Mẹ́tírọ́ọ̀nù wí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìyá Wọ́ọ̀dù bá Olóhùn-iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, lórí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí orúnkún. Kí Ìyá Wọ́ọ̀dù tó lanu, ọmọ náà ti na lẹ́tà kan sí i. Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni. Ó ní láti ọjọ́rú lòun ti kọ ọ́.

"Fi í sí báàgì rẹ," ni Ìyá Wọ́ọ̀dù wí. "Lọ sílé, lọ sùn fún ọjọ́ márùn-ún. Bó o bá sùn tán tó ṣì wù ọ́ láti lọ, èmi fúnra mi máa bá ọ mú un wọlé."

"Mà, mo fẹ́ẹ̀ pa ọmọ yẹn." Lọ́tẹ̀ yìí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Mo mọ̀." Ó jókòó tì í. "Mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ẹ̀ pa ìwọ náà, mi ò rí i."

Ọmọ náà gbé orí lé e léjìká, ó sì sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ. Ìyá Wọ́ọ̀dù kò ní kó dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ní aago kan ọ̀sán, wọ́n pé jọ sí yàrá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, torí pé ibẹ̀ nìkan ló ṣófo. Àga àwọn ọmọdé ló wà níbẹ̀. Orúnkún Dókítà Àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀ nígbà tó jókòó, nọ́ọ̀sì tó ga sì ní kí wọ́n má jẹ́ kí àga náà gbọ́ iye ọmọ ọdún tí òun jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyá Onímọ́ọ̀pù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú mọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ní òun kàn ní kí òun yọjú ni. Dókítà Àgbà sún àga kan sí i. Ó jókòó. Olóhùn-iyọ̀ ló wọlé kẹ́yìn, ó ti sùn, ó hàn lójú rẹ̀. Ìyá Wọ́ọ̀dù kò sì bi í nípa lẹ́tà.

Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn dákẹ́.

Dókítà onígíláàsì ń wo àwòrán erin tó wà lára ògiri. Nọ́ọ̀sì tó ga ń fi èékánná ha ẹ̀gbẹ́ àga. Ìyá Wọ́ọ̀dù ti kọ nǹkan mélòó kan sórí ìwé láti ilé, nípa ìsinmi, nípa omi mímu, nípa kéèyàn máa sọ tinú ẹni jáde. Ó wo ìwé náà, ó sì rí i pé kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa tìtorí rẹ̀ lanu. Bí òun ò bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ogún ìṣẹ́jú á tán báyìí, oníkálukú á sì padà sí àsìkò tirẹ̀ ní yàrá aṣọ. Ó ká ìwé náà sí méjì.

"Ọdún kejì tí mo di nọ́ọ̀sì," ó ní, "ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fún un lómi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti kọjá, á ní kí n fún òun lómi. Mo ní kó fara dà á, mo ní tí wọ́n bá ti ṣe é tán, màá fún un ní ife kan tó kún. Wọn ò ráyè ṣe é. Kò mu omi náà. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Olóhùn-iyọ̀ wọ́ àga rẹ̀ títí tó fi kan ti Ìyá Wọ́ọ̀dù.

Aago bẹ́ẹ̀dì kan dún láti wọ́ọ̀dù. Kó tó mọ̀, Ìyá Wọ́ọ̀dù ti dìde.

"Ẹ jókòó, mà," ni Dókítà Àgbà wí. "Wọ́n wà níbẹ̀."

Ó dúró, ó tẹ́tí. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń yára lọ, ó gbọ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, aago náà sì dákẹ́. Ó padà jókòó sórí àga kékeré náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Ìyá Onímọ́ọ̀pù ló fèsì fún un. "Kí lorúkọ rẹ̀, mà?" ó béèrè. "Ọmọ tó fẹ́ mu omi yẹn."

Láti ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, orúkọ náà ò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyá Wọ́ọ̀dù sọ ọ́ fún wọn.